Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó San Owó Búlọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń múra láti gbé ọjà yín tàbí iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ sórí ayélujára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Búlọ́ọ̀gì ti ṣe èmi àti ìyá mi lóore tí mi ò lè gbàgbé. Òun náà ló sì mú mi sunkún ní gbangba ọjà, nítorí ọ̀rọ̀ mélòó kan tó wà lórí rísíìtì wa tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún wa. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọmọ ilé ìwé lè lóye wọn. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé kò ní gba ẹni tó mọ̀ wọ́n lákòókò rárá láti ṣàlàyé.

Ẹ̀pẹ́ ni wá. Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Ẹni tó bá mọ Olúwo mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àrọ̀, alákàn, edé, gbogbo rẹ̀ ń ti inú ọ̀sà bọ̀ wá sínú abọ́. Àwọn oníbàárà a máa ti Àjà àti Lẹ́kí wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ẹja kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi Màmá lójoojúmọ́. Èwo ló dáa fún ọbẹ̀ ata? Èwo la lè yan gbẹ? Báwo la ṣe ń mọ ẹja tó ti pẹ́ nínú yìnyín? Màmá a fi àtàńpàkò gbé ìbòrí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja náà sókè, níbi tó fi ń mí, a ní kí wọ́n wò ó: bó bá pupa tó ń dán, ẹ rà á, bó bá ti ṣú, ẹ fi sílẹ̀, ì báà ṣe lọ́dọ̀ èmi gan-an. Èmi wá ń kọ àwọn ìdáhùn yìí sílẹ̀, mo ń ya fọ́tò wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Facebook ni mo kọ́kọ́ ń gbé wọn sí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń pè ní “Facebook mi”, láìmọ̀ pé ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Profile ni ti èèyàn fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí wà, kò sì gbà ju ọ̀rẹ́ 5,000 lọ. Page ni ti òwò tàbí ti ẹgbẹ́: ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé e, èèyàn bíi méjì mẹ́ta sì lè jọ máa bójú tó o. Group ni ibi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kan pa pọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá ń tajà lórí profile rẹ̀, ọjà àti ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ti wà nínú àpò kan náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti profile yẹn pa, òwò náà bá a lọ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ búlọ́ọ̀gì ni pé ohun tí mo bá kọ sórí Facebook, bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi gan-an á wá a tì. Búlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ jẹ́ ibi kan lórí ayélujára tí èèyàn ti ń kọ nǹkan déédéé, èyí tó kọ kẹ́yìn á wà lókè, àwọn ti àtẹ̀yìnwá kò sì ní sọnù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ohun tí a kọ ni wọ́n ń pè ní post. Permalink ni àdírẹ́ẹ̀sì tí post kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ má yí i padà mọ́, torí ẹni tó ti fi líǹkì yẹn ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti lè ṣí búlọ́ọ̀gì. Blogger dé ní 1999, Google rà á ní 2003, ọdún 2003 yẹn náà ni WordPress jáde.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò wa, tó máa ń kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ló ní òun á bá wa ṣe é. Ó to nǹkan sílẹ̀ lórí bébà: domain, hosting, theme, plugin, SSL, ó sì kọ iye síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú, èmi ni máa bá yín mójú tó gbogbo ẹ̀.”

Ẹ̀yin ará mi, níbi tí ẹ bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ẹ dúró. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè jẹ́ èèyàn rere, kó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ tètè yá. Síbẹ̀, abẹ́ gbólóhùn yẹn ni nǹkan ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bá a ṣe é.

Ohun tí kò sọ fún mi rèé. Domain ni orúkọ tí wọ́n fi ń wá yín wá, èyí tó máa ń parí sí .com, .ng tàbí .com.ng. Hosting ni ìsọ̀ tí ẹ háyà, ibi tí ọjà gan-an wà: kọ̀ǹpútà kan níbì kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti fọ́tò yín, tó sì ń gbé e fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ lè kó kúrò ní ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kí orúkọ yín tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìsọ̀ tó bá wù ú ni yóò máa júwe fún àwọn oníbàárà yín.

Kò sẹ́ni tó ń ra domain pátápátá. Ọdọọdún là ń san án; bí èèyàn bá fẹ́ san ti .com ṣáájú, ọdún mẹ́wàá ni kò lè kọjá. Registrar ni ilé iṣẹ́ tó ń tà á. Lókè wọn, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ICANN ló ń ṣètò bí orúkọ ṣe ń lọ káàkiri àgbáyé, àjọ NiRA ló sì ń bójú tó .ng nílẹ̀ wa níbí. Registrant ni ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóhun. Ẹ bá mi fi ìlà sábẹ́ èyí: registrant ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ẹni tó sanwó. Mo sanwó. Orúkọ ọmọkùnrin yẹn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn ìyókù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Theme ni bí ojú ìtàkùn yín, ìyẹn búlọ́ọ̀gì náà lórí ayélujára, ṣe rí, plugin ni àfikún iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe. SSL ló ń mú kí https wà níwájú àdírẹ́ẹ̀sì, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà má lè ka ohun tó ń lọ láàárín fóònù oníbàárà àti ìtàkùn yín. Kò fi hàn pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ìtàkùn. Àwọn oníjìbìtì náà ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, torí àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Let’s Encrypt ti ń fún gbogbo ayé láti ìparí 2015. Síbẹ̀, ọmọkùnrin yẹn gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìtàkùn náà jáde, inú wa dùn gan-an. Mo kọ post kan nípa bí a ṣe ń fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ ẹja àrọ̀ títí ara rẹ̀ kò fi ní yọ̀ mọ́, òun nìkan ló mú èèyàn wá jù. Bí àwọn obìnrin ṣe ń bi Màmá lẹ́nu gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ àkọlé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní SEO nìyẹn: kí a kọ nǹkan kó lè rọrùn fún Google láti rí i, kó sì mọ ẹni tó yẹ kó fi hàn. Àwọn kan ń gba owó ńlá lórí SEO bí ẹni pé oògùn ni. Ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ fún. Ẹ sì máa fi alt text sí fọ́tò, ìyẹn gbólóhùn kúkúrú tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Afọ́jú tí fóònù rẹ̀ ń ka ojú ewé fún un á gbọ́ ohun tí ẹlòmíì ń rí, Google náà á sì mọ ohun tí fọ́tò náà jẹ́.

Mo kọ nípa ìlú wa náà. Mo kọ èyí tó gùn dáadáa lórí Kayokayo, ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó ṣẹ̀ wá láti Èkó, fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe dó sí ìlú wa, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà lókè òkun ń fi comment sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dárúkọ agbo ilé wọn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ni ọmọ ta. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, àwọn comment yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Nígbà tí àsìkò àtisan owó ọdún tún yípo, ọmọkùnrin náà pè mí. Iye tó dá kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Mo ní kó fún mi láyè kí n béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohùn rẹ̀ yí padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan l'Ájà ya ojú fóònù rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí wa: “Mọ́mì, ìtàkùn yín ò ṣí mọ́ o.” Ewé funfun gbalaja ni, pẹ̀lú ìlà kan péré tó ní wọ́n ti dá àkáǹtì yìí dúró. Ìléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Kayokayo náà ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àsìkò tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń wálé tí wọ́n sì ń béèrè ẹja jù lọ́dún.

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ edé Màmá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹkún gbọ̀n mí. Màmá wò mí títí, ó ní, “Ẹja inú abọ́ yìí ńkọ́, ṣé ó ti lọ ni?” Ó fi ń tù mí nínú ni. Àmọ́ mo ń ro àwọn comment yẹn.

Mo kọ ímeèlì sí registrar. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé registrant nìkan làwọn lè bá sọ̀rọ̀. Mo fi rísíìtì ránṣẹ́, èsì kan náà ló padà wá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ nípa WHOIS, àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò láti mọ ibi tí wọ́n ti forúkọ domain kan sílẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Láti 2018, tí òfin ààbò ìsọfúnni ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ olóhun kì í sábà hàn níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ rí i fúnra yín nínú àkáǹtì, nígbà tí ọ̀rẹ́ ṣì wà. Hosting náà, ṣé ẹ rí i, abẹ́ àkáǹtì ọmọkùnrin yẹn ló wà. Reseller ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀: ó rà á lódidi lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, ó wá ń gé e tà fún wa. Ilé iṣẹ́ yẹn kò mọ̀ wá rí. A bẹ àwọn àgbà sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní òun ti gbọ́. Ibi tó parí sí nìyẹn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń kàwé ló wá sọ fún mi nípa Wayback Machine. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há orúkọ yẹn sórí. Internet Archive tó wà ní San Francisco ló ni ín. Láti 1996 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwòkọ ojú ewé orí ayélujára káàkiri àgbáyé, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹ àdírẹ́ẹ̀sì wa síbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọdún kan jáde, òbìrìkìtì aláwọ̀ búlúù sì wà lórí àwọn ọjọ́ kan. Mo tẹ ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó ṣí, àmọ́ ó ṣí: ẹja àrọ̀, àkọlé mi, fọ́tò ọwọ́ Màmá nínú omi iyọ̀. Mo tẹ òmíràn. Kayokayo jáde, comment mélòó kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò kan wà, òmíràn ti di àpótí òfìfo. Àwọn post kan kò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n ti lọ nìyẹn. Mo ń dà wọ́n kọ lọ́kọ̀ọ̀kan lóru, nígbà tí dátà bá yá.

Ẹnì kan bi mí bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti kó wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní in. Ohun tí mo fọwọ́ mi kọ, tèmi ni. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, ti 2022, kò sọ pé ó dìgbà tí mo bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan kó tó di tèmi. Ọ̀rọ̀ inú búlọ́ọ̀gì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ìta, ìyẹn domain, sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́.

Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Èmi fúnra mi ni mo forúkọ tuntun sílẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì mi àti káàdì báǹkì mi. Mo kọ́ pé auth code ni kóòdù tí èèyàn fi ń gbé domain kúrò lọ́dọ̀ registrar kan lọ sí òmíràn, pé olóhun nìkan ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ pé WordPress méjì ló wà, tí wọ́n ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú: WordPress.com ń gbà yín lálejò sórí hosting tirẹ̀, ti WordPress.org sì jẹ́ sọ́fúwià ọ̀fẹ́ tí ẹ ó gbé sórí hosting tí ẹ wá fúnra yín. Nínú méjèèjì, ẹ lè fún olùrànlọ́wọ́ ní ipò Editor, tí yóò fi lè kọ, kó sì tún nǹkan ṣe, láìfún un ní ipò Administrator, tó ní agbára lórí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Backup ni àwòkọ tí ẹ tọ́jú síbòmíràn. WordPress ní ibi tí wọ́n kọ Export sí. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bí oṣù bá ti ń parí, fáìlì náà á wà nínú fóònù mi, á tún wà nínú ímeèlì àbúrò mi.

Ti ìpolówó, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé reach àti impressions kì í ṣe ọ̀kan náà. Reach ni iye èèyàn tó rí ohun tí ẹ gbé jáde, impressions ni iye ìgbà tó hàn. Bí èèyàn kan bá rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, reach jẹ́ ọ̀kan, impressions jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó yín á ka èyí tó pọ̀ síta. Lórí Facebook àti Instagram, views ni wọ́n ń fi hàn jù báyìí, ìyẹn náà ń ka ìgbà. Boost ni kí ẹ sanwó kí wọ́n lè fi post yín han èèyàn púpọ̀ sí i. Ẹ yan Èkó nìkan, bí ẹja tútù lẹ̀ ń tà, torí ẹni tó wà ní Kánò kò lè rà á. Engagement ni ohun tí àwọn èèyàn ṣe nígbà tí wọ́n rí i: láìkì, comment, pínpín. Ìdí tí fọ́lówà tí wọ́n ń tà kò fi wúlò nìyẹn, wọn kì í ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí yóò hàn á sì máa rò pé ọjà yín kò wu ẹnikẹ́ni. Hashtag, tí Chris Messina dábàá lórí Twitter ní 2007, ń kó ọ̀rọ̀ tó jọra pọ̀. Ẹ má fi àlàfo sáàárín rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á já. Handle ni orúkọ tó ní àmì @, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan; òun ni kí ẹ máa wò, torí orúkọ àti fọ́tò, ẹnikẹ́ni lè dà wọ́n kọ. Àmì búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, owó ni wọ́n fi ń rà á báyìí lórí X àti lórí Facebook, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan gbọ́kàn lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín ṣe monetization kíá, ìyẹn kí ohun tí ẹ ń gbé jáde máa mú owó wọlé fún yín, ẹ rántí pé YouTube ń béèrè subscriber 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wo fídíò yín láàárín oṣù 12, kó tó pín owó ìpolówó orí fídíò bẹ́ẹ̀ fún yín.

Verification code ló kù, mo sì fẹ́ kí ẹ pè é sétí àwọn ìyá yín. Àǹtí mi kan tó ń ta aṣọ gba ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn lòun wà. Ó ní kóòdù ìpàdé ti wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n bá òun kà á. Nọ́ńbà mẹ́fà. Àǹtí kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni yẹn ti wà nínú WhatsApp wọn, ó ń yá owó lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà lórúkọ wọn, àwọn méjì sì fi ránṣẹ́. Kóòdù yẹn ni WhatsApp fi ń mọ ẹni tó ni nọ́ńbà. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Àǹtí kì í sì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kóòdù tuntun á wá, olè náà á sì bọ́ síta. Bó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ ó dúró ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé láìsí PIN yẹn, àmọ́ kóòdù tuntun tí ẹ fi sí i á ti lé e jáde. Ẹ pe àwọn èèyàn yín láàárín ìgbà yẹn kí wọ́n má sanwó.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí Settings nínú WhatsApp, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ fi PIN tiyín sí i kí olè tó fi tirẹ̀. Ẹ bá ìyá yín àti àwọn àǹtí yín ṣe tiwọn. Bí ẹnì kan bá sì ń bá yín ṣe ìtàkùn lọ́wọ́, ẹ ní kó ṣí ibi tí wọ́n kọ registrant sí níwájú yín, kí ẹ fi ímeèlì tiyín wọlé síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀ fún un.